Kí Ẹ Tó Yìnbọn sí Ojú Tó Ń Dán Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé Adìẹ

Bàbá Kékeré mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìṣọ́ adìẹ, ẹ kú ojú tó ń dùn yín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá tí a ń gbé kéré débi pé abẹ́ tábìlì ni orí mi wà nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ tán. Mo kí Ìyá Sínátù, ìyàwó yín, tó gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá tó bí mi lọ, tí kò sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnì kan ti lọ. Mo kí Mọ́dínnì tó máa ka ìwé yìí síta níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Alásárì, bí ó ti máa ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fún àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríwèé mọ́. Mọ́dínnì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra kà á. Bí ẹ bá dé ibi tó le, ẹ má fò ó.

Ẹ ó ti máa wò ó pé kí ló ṣe Ràfíù tó fi kó ọ̀rọ̀ ilé síta, tí gbogbo ìlú Rore yóò fi bá yín gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo ti kọ sí yín láti ìgbà tí òjò ti dá, Ìyá Sínátù ló sì ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín. Èmi ni mo kọ́ Ìyá ní ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà, lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di tíṣà, mo sì mọ àṣà rẹ̀. Bí ó bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti dùn, yóò wúkọ́, yóò ṣí ewé kejì. Mo máa ń sọ fún un nígbà náà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fo ọ̀rọ̀ yóò fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ó ní kò sí ìdánwò kankan níwájú òun ju kí ọkọ òun jẹun kó sì sùn lọ. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí yín lẹ́ẹ̀mẹta kò fi tíì dé etí yín. Ti ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo fẹ̀yìntì ní Òmù-Àrán. Alága ọjọ́ náà sọ̀rọ̀ títí tí yìnyín inú ìgò mínírà fi yọ́ tán, ó pè mí ní òpó tí ń gbé ẹ̀kọ́ ró ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, wọ́n sì fún mi ní aago ńlá kan tí n ó gbé kọ́ ògiri. Ó dára. Òpó náà ti wà ní oko adìẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ó ń ṣa ẹyin. Ìyàwó mi ni wọ́n fún ní ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé tirẹ̀ bí ẹni kọ orúkọ ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn ìwé ìyá. Adìẹ tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ti kọ́ láyé mi lọ, kí n má sì purọ́, wọ́n ń fetí sílẹ̀ jù wọ́n lọ.

Òtútù ibí kì í ṣe ti ọyẹ́. Ọyẹ́ a máa gbẹ ènìyàn létè, yóò sì kúrò. Eléyìí wọ inú egungun, ó sì jókòó. Oòrùn a máa yọ bí òṣìṣẹ́ ìjọba, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì ti ń wo aago àtilọ. Mo lè ṣe ọjọ́ mẹ́rin kí n má sọ Yorùbá jáde lẹ́nu àfi bí mo bá ń kírun, tàbí bí mo bá ń bú adìẹ. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyàwó mi ń ṣe. Bí mo bá ń bọ̀, òun ń lọ. Ẹnu ọ̀nà la ti ń kíra wa, bí àlejò méjì tó pàdé nílé ẹni ẹlẹ́ni. Èyí tí à ń rí níbẹ̀ ń tó wa jẹ, kò tó wa gbé wá sílé. Bí mo bá sì jáde ní orílẹ̀-èdè yìí báyìí tí ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tí ẹ bèèrè. Ẹ pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá. Ẹ ní ẹ̀tà ń kó adìẹ yín jẹ, ẹ ní ó kó ti àná, ó kó ti ìjẹta, ó gé orí àkùkọ funfun sílẹ̀ bí ẹni fi kí yín. Ẹ ní ẹ ti yìnbọn sí i nígbà kan, ẹ rí ojú rẹ̀ méjèèjì kedere tó ń dán nínú iná, ṣùgbọ́n ẹ tàsé rẹ̀ díẹ̀ báyìí, nítorí pé ìbọn yín kò ní awò. Ẹ ní kí n ra awò orí ìbọn ránṣẹ́, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń ríran lóru, kí n sì ra iná pupa mọ́ ọn. Ẹ fi kún un pé Oníjìnnìà ti sọ fún yín pé kékeré ni iṣẹ́ náà.

Kàmọ́rù ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni wọ́n ń pè ní Oníjìnnìà. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tà ní Èkó, a ò sì tíì rí afárá kan tó kọ́. Nígbà tó wálé ìgbéyàwó lọ́dún tó kọjá, ó gbé tọ́ọ̀ṣì kan wá fún yín tó tó orí ọmọ jòjòló. Mo gbọ́ pé ó dìde dúró láàárín agbo ilé, ó wú ikọ́ bí alága, ó sì ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ fún yín fún odindi wákàtí kan. Ó ní iná náà lè ti Rore dé Àrán-Ọ̀rin. Ẹnì kan bi í pé ta ló wà ní Àrán-Ọ̀rin tí ẹ fẹ́ máa tan iná sí lójú. Ó ní kí wọ́n má fi àwàdà ba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ jẹ́. Kàmọ́rù, bí o bá ń ka èyí, mo kí ọ. Ìfẹ́ lo fi rà á. Ìfẹ́ náà ni ó ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá, mo ṣe bí tíṣà, mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà kí n tó dáhùn. Bàbá àgbà kan wà ní oko wa tó ń jẹ́ Tọ́mù. Òun ló ń yìnbọn fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé irú awò wo àti irú iná wo ló yẹ ọdẹ àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ adìẹ. Ìbéèrè ni òun náà fi dá mi lóhùn. Ó ní báwo ni ibi tí ó ń dúró sí ṣe jìnnà sí ilé adìẹ tó. Mo ní láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín dé ibẹ̀, kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra kò wúlò ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀. Ó ní bí ìgbà tí ènìyàn yojú wo yàrá láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni: o lè rí irun imú ẹranko, o ò ní rí ẹni tó dúró tì í.

Nípa iná, ó ní iná funfun tó bá lágbára jù, ọ̀tá ọdẹ ni. Ẹranko á sá, ìmọ́lẹ̀ á kọ lu ògiri àti ìkùukùu, á sì padà wá fọ́ ọdẹ lójú. Iná pupa dára díẹ̀, nítorí ẹranko kì í tètè fura sí i, ṣùgbọ́n nínú iná pupa, gbogbo àwọ̀ á di ọ̀kan ṣoṣo: ajá, ẹ̀tà, àti ẹni tó wọ aṣọ àwọ̀ ilẹ̀. Ó ní kí iná máà sí lórí ìbọn rárá, kí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ojú rẹ̀ dá ṣáká, tí yóò lè sọ pé dúró ná, kì í ṣe òun nìyẹn. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ti rà mọ́ ìbọn láyé òun, kò sí èyí tó dà bí ẹnu ẹnìkejì.

Mo tún bi í nípa èyí tí Kàmọ́rù ń pè ní awò tí ń rí ooru ara. Ó ní ọ̀gá oko wa ní ọ̀kan, ó sì yá a fún mi wò. Bàbá, ohun gbogbo tó bá gbóná ló ń funfun nínú rẹ̀. Adìẹ funfun, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ funfun, ọ̀gá oko tó ń tọ̀ lẹ́yìn ilé funfun. Tọ́mù ní awò náà kò mọ ẹni tí ènìyàn fẹ́ràn yàtọ̀ sí èyí tí ó kórìíra.

Mo wá sọ fún un pé ojú méjì tó ń dán ni ẹ rí. Ó ní ojú kì í ṣe ẹran. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, ẹnu yín ni mo sì ti gbọ́ ọ, nígbà tí àtùpà kábáàdì ṣì ń bẹ lórí yín, tí gbogbo Rore ń pè yín ní ọdẹ. Ẹ ní ọdẹ kì í yìnbọn sí ojú, ara ni ọdẹ ń yìnbọn sí. Ẹ ní ẹni tó bá rí ojú, kó dúró títí yóò fi rí etí, ẹ̀yìn àti ìrù, bí kò bá rí wọn, kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ọdẹ tí kò lè rí ara mọ́ ńkọ́? Ẹ ò kọ́ mi ní ìyẹn.

Tọ́mù ló kọ́ mi. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kò lè ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ tó dúró ní òdìkejì títì mọ́, òun tú ọta inú ìbọn dànù, òun gbé e lọ bá àwọn ọlọ́pàá, òun sì jókòó sínú ọkọ̀, òun sunkún. Waya iná ló wà yí adìẹ ká báyìí. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ṣì ń wọlé, ó ń mú tirẹ̀. Tọ́mù ní owó orí ni.

Mọ́dínnì, ibi tó le la dé yìí.

Bàbá Kékeré, kì í ṣe ẹ̀tà ni ẹ yìnbọn sí.

Ìyá Sínátù ló pè mí. Ẹ mọ̀ pé etí òsì rẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, tí ó sì máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni ń pe ọkọ̀ tó ti lọ. Nítorí náà ó rìn jìnnà dé ojú ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin kí ó tó lè fi ariwo sọ àṣírí. Ó ní kí n fi Kùránì búra pé n ò ní sọ fún yín. Mo ní kò sí Kùránì lọ́wọ́ mi nínú oko. Ó ní kí n fi ẹnu lásán búra. Mo búra. Ìwé yìí ni mo fi ń da ìbúra náà, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹ kò ti lè rí ìkọ́ ilẹ̀kùn ilé adìẹ mọ́. Lálaalẹ́ lẹ́yìn Màgàríbì, ẹ máa ń lọ tì í, ẹ máa ń fọwọ́ mì í, ẹ sì máa ń gbà pé ìkọ́ ti wọlé. Kì í wọlé. Ìyá máa ń dúró títí ẹ ó fi sùn, yóò gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yàrá rẹ̀ jáde, yóò lọ fi ìkọ́ náà bọ ihò rẹ̀. Alẹ́ tí oorun bá gbé e lọ, ni ẹ̀tà ń jẹ adìẹ. Kò sọ fún yín, nítorí ó ní ẹni tó ti fi ojú rẹ̀ bọ́ ilé fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe òun ni yóò sọ fún un pé kò rí ilẹ̀kùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń ka lẹ́tà mi lọ́wọ́ kó tó dìde. Awò ojú tí mo rà ránṣẹ́ sí i, kó lè máa ka lẹ́tà mi, ó wà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí ilẹ̀kùn, ó ń wá ìkọ́. Ẹ̀yin gbọ́ kùkùkù ní tiyín, ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì Kàmọ́rù. Ẹ pariwo pé ta nìyẹn, apá òsì rẹ̀ ló sì kọ sí yín. Ó yíjú sí ìmọ́lẹ̀, iná náà wọ inú awò ojú rẹ̀, awò méjèèjì dán. Ojú méjì, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí kò sá. Bàbá, ẹ yìnbọn.

Ọta wọ inú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń tọ́jú oúnjẹ adìẹ. Ọ̀kan nínú wọn ha á lápá kọjá. Ẹ rántí aṣọ tó fi di apá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ní igi ìdáná ló ha òun? Ó rá lọ sẹ́yìn ilé, ó wọlé, ó dùbúlẹ̀. Nígbà tí ẹ wọlé tí ẹ sọ fún un pé díẹ̀ báyìí ló kù kí ẹ pa á, ó ní ẹ kú ewu, ẹ ó bá a lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ má bínú sí i. Ẹ bínú sí mi, mo jìnnà, ìbínú kì í tètè dé ibí.

Mo mọ ohun tí dókítà ojú sọ fún yín ní Ìlọrin, nítorí Sínátù ọmọ yín ló mú yín lọ, òun náà ló sì sọ fún mi. Ó ní èyí tó ti lọ nínú ojú yín ti lọ, kì í padà, kí ẹ máa kán oògùn kí èyí tó kù má baà bá a lọ. Ẹ ní èéfín ni. Ìgò oògùn náà wà lórí fèrèsé, a kò tíì ṣí i. Kò sí awò ìbọn tí ń wo ojú sàn. Ohun tí ojú kò rí, ó kàn ń gbé e súnmọ́ tòsí kí ojú lè tún ṣàìrí i ni. Ìbọn ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ fi páìpù rọ kò sì lè gbé e dúró; lọ́jọ́ tí ẹ bá yìn ín, awò yẹn ni yóò kọ́kọ́ ta yín lójú.

Mo rà á o. Kí n má purọ́ fún yín níwájú mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ tí ẹ bèèrè ni mo ti rà á, kí n tó gbọ́ ti Ìyá, nítorí pé láti ìgbà tí ẹ ti ń tọ́ mi, ẹ ò tíì bèèrè nǹkan lọ́wọ́ mi rí. Ó wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. N ò ní fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo ti rí gbà nínú ìyẹn? Kàmọ́rù ti sọ fún Sínátù pé bí Ràfíù bá ń ṣe ahun, òun yóò gbé tòun wá ní Iléyá tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní ojo ni tíṣà. Sínátù bẹ̀ yín kí ẹ gbé ìbọn náà fún ẹlòmíràn, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ gbé yín sin. Mo ní kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí ilé adìẹ ká, kí wọ́n sì yí ìkọ́ yẹn padà sí èyí tí ọwọ́ lè mọ̀ láìfojú wò. Wọ́n ní káfíńtà tó kù ní Rore ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Èkó. Ẹnikẹ́ni tó lè kan ìṣó mọ́ ilẹ̀kùn yẹn ti lọ síbì kan. Èmi náà wà lára wọn.

Nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ ó tún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ pé Ìyá yóò tún lọ fi ìkọ́ bọ ihò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ báyìí, nítorí ẹ ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe ojú yín, òun náà yóò sì gbà pẹ̀lú yín. N ò lè gba ìbọn lọ́wọ́ yín láti ibí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí ẹ bá rí ojú tó ń dán, kí ẹ tó gbé ìbọn sókè, ẹ pe Ìyá Sínátù. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ sókè. Ẹ̀tà kò ní jẹ́. Yóò sá lọ, yóò padà wá lọ́la jẹ adìẹ yín, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ wọ́n tán.

Kí Ọlọ́run fi ojú kékeré tó ṣẹ́kù fún yín ṣọ́ yín. Kí adìẹ tó kù sùn kó jí. Kí Ó má jẹ́ kí fóònù mi dún ní àsìkò tí kì í dún. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí Mọ́dínnì tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá, kí ẹ sì sọ fún un pé mo ti já ìbúra.

Ẹ rántí etí òsì rẹ̀. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfíù